Òǹtẹ̀ Ara Ìbọn

Ilé tó bá ní ìbọn àtijọ́, ẹ bi wọ́n wò, ogun Kírìjí ni wọ́n máa ní ó ti wá. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá kì í ju ẹyọ kan lọ: òkúta ló fi ń ṣáná bíi ṣakabùlà, nítorí náà ó ti pẹ́.

Ẹ̀rí yẹn kò tó o. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti fi ìbọn olókùúta sílẹ̀ tán, wọ́n ṣì ń rọ ọ́ ní Birmingham àti ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fún ọjà Áfíríkà. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó ṣe ní Brussels lọ́dún 1890 tún wá dènà ìbọn ìgbàlódé, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún olókùúta. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ TOWER tó wà lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn yín jẹ. Wọ́n máa ń lù ú sára ọjà lásán ni. Ara ọ̀pá ìbọn gan-an ni kí ẹ wò, níbi tí àwọn tó dán an wò lu òǹtẹ̀ sí. Ti Birmingham láti 1813 ní ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn, adé wà lókè. Ti Liège láti 1810 ni ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin. Ní 1893 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi adé lé ELG lórí. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yanrìn fọ ìbọn àgbà, òǹtẹ̀ ló ń bá a lọ.)

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ní ìbọn ìléwọ́ kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìdílé, pé baba ńlá wọn ló yìn ín ní Kírìjí. A kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ọ̀pá rẹ̀, bóyá ẹtù wà níbẹ̀. Kò sí. A fi òróró nu ìdí ọ̀pá náà: ELG, adé sì wà lórí rẹ̀.

Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà Kírìjí. 1893 yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun tú ká. Ìbọn yìí kò lè bá wọn jà.

A bá ara wa fà á. Àwọn kan ní kí a gbẹ́nu dákẹ́, pé ta ni yóò wá wo òǹtẹ̀? Àwọn yòókù ní oríkì ìdílé náà ti dárúkọ jagunjagun wọn láìmú ìbọn kankan mọ́ ọn, pé kò sí ohun tí òǹtẹ̀ lè fi oríkì ṣe. Ti ìkẹyìn yìí la gbà, la bá lọ sọ fún Bàbá.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé adé yẹn sọ orúkọ ẹni tó rà á?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́, nígbà náà, pé bàbá mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ ọ́.