Ọ̀dà Funfun Lójú Ìwé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kéré débi pé ojú ń tì mí láti fi pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí jókòó, nítorí kò ju ìlà mẹ́ta lọ nínú ìwé kan tí owó rẹ̀ kò tó ra ìsáàsùn; ṣùgbọ́n láti oṣù méjì sẹ́yìn ni ìlà mẹ́ta náà ti ń bá mi sùn, tí ó sì ń bá mi jí, bí egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, tí kò pani, tí kò sì jẹ́ kí òkèlè lọ wọ́ọ́rọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa obìnrin Yorùbá mélòó kan tí ìgbéyàwó, iṣẹ́ ìjọba àti ọjà títà kó wá sí ìlú Ìbíní, tí a sì máa ń pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù, ní pálọ̀ kan tí kò jìnnà sí Mission Road, láti dá àjọ, láti gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí a sì jẹ ìrẹsì. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí kò pé délẹ̀, Màmá Aláṣọ, tó dàgbà jù wá lọ, tó sì ti ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà Ìbíní, sọ pé àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ìgbà tí abọ́ bá ń dún ni wọ́n tó ń rántí pé àwọn ní ẹgbẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ojú gbogbo ilé bá yí sí ẹnì kan, ta ni kò mọ ẹni tí a ń bá wí? Ìyá Tọ́pẹ́ dìde. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkọ òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni òun ti ń fi èrè àkàrà san owó ẹgbẹ́, pé ọjọ́ wà tí òun san án tí òun kò sì jẹun alẹ́, pé ìrẹsì tí òun ń jẹ níbí, òun ti san owó rẹ̀. Ó jókòó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, nígbà tí mo ka ìwé náà sí wọn létí, Màmá Aláṣọ nawọ́. "Akọ̀wé, ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ mi yẹn rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo sì ní kí ẹ pa á rẹ́." Gbogbo wa ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé àgbà tó mọ̀ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àgbà gidi ni. Nígbà tí mo délé ní Ugbowo, mo mú ìgò kékeré ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́ ní ọ́fíìsì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ, tọ ìlà mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí ó fi gbẹ. Ó mọ́ tónítóní. Inú mi tilẹ̀ dùn.

Ìyá Tọ́pẹ́ ló ba inú dídùn náà jẹ́. Ó yà sọ́dọ̀ mi láti wo iye tó kù tí òun yóò san, ìwé náà sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ìka kan ojú ọ̀dà náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wò ó bóyá egbò ti jinná, ó sì sọ láìgbóhùn sókè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ mí di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí ohun tó rí. Obìnrin kan ṣàdédé dìde láàárín ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ó ń ké pé ebi ń pa òun lálẹ́, pé ọkọ òun kò níṣẹ́, pé òun ti sanwó ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni kò bi í, ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn án. Ẹni tí yóò bá ka ìwé wa ní ogún ọdún sí i yóò ní, ẹ gbà mí, ṣé orí obìnrin yìí pé ṣá?

Àwọn bàbá wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì ti pa á fún àwọn ọmọ tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ní ohun tí kò sọ fún wa, èyíinì ni pé sára ta ni ẹyin náà fọ́ sí. Bí ẹyin bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, tó fọ́ sára aṣọ ẹlòmíràn, tí mo wá ṣa èèpo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé pé èmi ni mo ni ín, ohun tó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ onítọ̀hún ńkọ́? Òun ni yóò máa gbé àbàwọ́n kiri, tí kò ní sí ẹni tó mọ ibi tó ti rí i. Àwọn àgbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́tà tilẹ̀ ní òwe mìíràn tó ṣe tààrà ju ti ẹyin lọ: ẹni yàgbẹ́ ní í gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé.

Síbẹ̀, kí n má ṣe parọ́, mo fẹ́ràn ẹni tó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ibi tí mo bá ìrònú dé nìyí tí bàbá mi, tó ti wà lájùlé ọ̀run tipẹ́, wọlé tọ̀ mí wá, tó sì gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíṣà ni bàbá mi, ní ìlú Ìbíní níbí. Ìwé méjì wà lórí pẹpẹ rẹ̀ tí àwa ọmọ rò pé ọ̀kan náà ni: A Short History of Benin ti Jacob Egharevba, ìtẹ̀jáde 1953 àti ti 1968. Bàbá kì í dárúkọ òpìtàn náà kó má fi kún un pé Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, ní 1893, bí ẹni pé ìyẹn ti sọ ìdajì rẹ̀ di tiwa. Èdè Ẹ̀dó ni Egharevba kọ́kọ́ fi kọ ìtàn náà, tó pè é ní Ekhere Vb'Itan Edo, tó jáde ní 1933, kó tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde nígbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; bó sì ti ń gbé e jáde ló ń fi kún un, tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀, tó ń tún èyí tó ti sọ sọ, débi pé Uyilawa Usuanlele àti Toyin Falola fi odidi iṣẹ́ kan, tó jáde ní 1998, ṣe àfiwé ti èdè Ẹ̀dó àti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ti ń ṣe irú àfiwé bẹ́ẹ̀ lórí ẹní ṣáájú wọn. Yóò gbé rúlà onígi lé ọ̀kan, yóò fi ìka lé èkejì, yóò ka ìlà kan níhìn-ín, yóò ka ìlà kan lọ́hùn-ún, yóò sì máa mi orí.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, èwo wá ni òótọ́?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyẹn kọ́ ni kí o bi mí. Bi mí bóyá ó wá gba ti àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ mi."

Kò wá gbà á padà. Nínú ìlú tí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ti Ifẹ̀ wá sí Ìbíní àti ẹni tó ti Ìbíní lọ sí Ifẹ̀ kò tíì parí, tí Ọba Erediauwa fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní 2004 pé Ekaladerhan, ọmọ ọba Ìbíní, ni ẹni tí àwa ń pè ní Odùduwà, tí àwọn ọba wa nílẹ̀ Yorùbá sì fìbínú dáhùn, bí Egharevba bá ti ń kó ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀ bí ó ṣe ń gbé tuntun jáde, gbogbo àwọn tó ti bá a jiyàn ì bá di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Mo gba Igun kọjá ní ọjọ́ kejì, àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, n kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó tó ń fi ọ̀bẹ tó ti yá nínú iná tún imú orí kan ṣe, ìda oyin lásán ni orí náà ṣì jẹ́. Ó fá a díẹ̀, ó wò ó, ó tún lẹ ìda díẹ̀ mọ́ ọn padà. Bí amọ̀ bá ti bo ìda náà, tí iná yọ́ ọ dànù, tí a da idẹ sí ihò tó fi sílẹ̀, tí a sì fọ́ amọ̀, imú di imú nìyẹn. Mo bi í pé bí imú náà bá wọ́ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn a fọ́ ọ, àwọn a tún un yọ́, bí kò bá ṣáà tíì jáde nílé. Mo ro ti àwọn àwòrán idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe láti jọ wà lára òpó ààfin, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, tí ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òmíràn dé Bẹ̀lín, tí oníkálukú sì ń dá sọ̀rọ̀ lára ògiri àjèjì.

Nígbà tí mo délé, mo mú abẹ láti fá ọ̀dà náà kúrò. Ìwé ya. Mo bá gbé ojú ìwé náà síwájú fèrèsé, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ wo ibi tí bírò ti tẹ̀ wọlé, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ Màmá Aláṣọ láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni ń ka ìwé nínú dígí. Bí mo ti ń ṣa á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, mo dé ibi abọ́ tó ń dún, etí mi sì gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé náà rí, ṣáájú ọ̀dà àti lẹ́yìn ọ̀dà. Ẹ̀rín ni. Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà kí Ìyá Tọ́pẹ́ tó dìde. Ẹ̀rín yẹn gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Màmá, ló gbé e dìde. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bírò wà lọ́wọ́ mi, n kò sì kọ ọ́.

Màmá Aláṣọ, níṣojú gbogbo wa, bẹ̀bẹ̀ pé kí a pa tirẹ̀ rẹ́. Èmi ti pa tèmi rẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, n kò sì lo ọ̀dà. Abájọ tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú ìwé náà mọ́.

Mo ti tún ìlà mẹ́ta náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ya, mo fi sí i pé ẹni tó sọ ọ́ ti kó o padà, àti ọjọ́ tó kó o padà. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ pé: gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni ìpàdé. N kò tíì sọ fún Màmá.