Orúkọ Ẹgbẹ́ Eléré Kì í Ní Ojú Méjì

Láyé ìgbà tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni gbogbo iṣẹ́ átíìsì ní Ọ̀wọ̀, orúkọ olórin Orlando Owoh ni ọ̀gá mi fi ń dán ọmọ iṣẹ́ wò. Lẹ́tà O mẹ́rin ló wà nínú orúkọ yẹn. Bí o bá fi rúlà fa ìlà méjì, tí o kọ gbogbo lẹ́tà kí orí àti ìdí wọn kan ìlà géérégé, O yóò kéré lójú ju N àti H lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. O gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ lókè, kó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ojú tó gbà pé wọ́n dọ́gba. Bí O àkọ́kọ́ bá sì sanra ju ìkẹrin lọ, ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ̀nà. Ọ̀gá á ní ká nù ún kúrò, ká tún un kọ.

Ọmọ ilé ni Orlando, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi yá wa lẹ́nu. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1932, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ̀n ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe kó tó bá ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ ní 1958. Ní 1960 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Omimah. Nígbà tó yá ó di Young Kenneries, ó tún di African Kenneries. Sunny Adé ọmọ Oǹdó náà kúrò ní Green Spots, ó bọ́ sí African Beats. Bí ẹgbẹ́ bá ti pa orúkọ dà báyìí, ọ̀rọ̀ kan átíìsì: ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àpótí ẹ̀rọ, pátákó iwájú olórin, ara ọkọ̀, pósítà, gbogbo rẹ̀ ló di kíkùn tún. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ wa ni pé kí orúkọ ẹgbẹ́ yí bó ṣe fẹ́, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni ojú ará ìlú mọ́.

Iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó ló ń ṣe páálí àwo. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Lemi Ghariokwu bẹ̀rẹ̀ sí í ya páálí àwo fún Fẹlá láti orí àwo Alagbon Close ní 1974, ó sì ya 26 kó tó sinmi. Bí olówò àwo bá tẹ́ wọn síta, láti òdìkejì títì, kó o tó ka orúkọ, o ti mọ̀ pé ti Fẹlá ni. Kò sí ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ yìí tó ìyẹn. Àwa tí a wà ní Ọ̀wọ̀, tiwa ni kí pósítà tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri ní Ìkàrẹ́ Junction jọ páálí tó ti Èkó wá. A ó gbé páálí náà sínú oòrùn, a ó po ọ̀dà nínú agolo mílíìkì, a ó kán an sórí bébà, a ó dúró kó gbẹ, torí àwọ̀ ọ̀dà tútù kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tòótọ́.

Ẹ̀mí iṣẹ́ náà ni páténì, ohun tí a ń gé lẹ́tà sí lára láti fi kun ọ̀dà. Bébà kò dára fún un, ó ń mu ọ̀dà. Fíìmù X-ray tó ti gbó là ń lò: a ó fi Jik fọ àwòrán egungun kúrò lára rẹ̀, a ó fi abẹ gé lẹ́tà sí i. Bí a bá gé O, inú rẹ̀ á já bọ́, nítorí náà a máa ń fi afárá tín-ín-rín méjì sílẹ̀ tí yóò dì í mú. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí ojú afárá náà. Átíìsì tí kò bá dí i, ọ̀lẹ ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páténì tirẹ̀, ńlá àti kékeré, wọ́n wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a kì í sì í yá ẹnikẹ́ni.

Oṣù ọdún Igogo ni ọwọ́ wa máa ń dí jù. Ọjọ́ 17 ni ọdún náà, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù nínú ìlú, agogo nìkan ló ń dún. Eléré tí kò lè lu ìlù á kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù kí a kùn ún. Lásìkò yẹn kan náà ni Ọlọ́wọ̀, ọba wa, ń jáde pẹ̀lú irun dídì àti iyùn, láti bọ̀wọ̀ fún òrìṣà Ọ̀rọnṣẹ̀n. Ọmọdé tí kò rí ọba rí kò ní béèrè ẹni tó jẹ́. Bó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ eléré rí lójú ènìyàn nìyẹn.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, páálí tó fẹ̀ ní ínṣì 12 di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. Àwòrán tó kún fún èrò di rúdurùdu. Ẹgbẹ́ tó gbára lé lẹ́tà rere àti àwọ̀ méjì kò pàdánù nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, bánà flex tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi bínú sí i. Èmi ò bínú. Páténì tí kì í gbó ni kọ̀ǹpútà, kò sí irú rẹ̀ nígbà tiwa. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò lò ó bí páténì. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ọmọ tó ń ṣe flier sì fẹ́ lo gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà á jáde ní pupa lọ́jọ́ ìsìnkú, á jáde ní aró lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lẹ́tà ọ̀tọ̀, fọ́tò ọ̀tọ̀. Ọ̀gá ẹgbẹ́ á mú àwòrán tó ti ṣú láti orí WhatsApp wá bá mi pé kí n sọ ọ́ di bánà. Bí mo bá béèrè ojúlówó rẹ̀, á ní fóònù ọmọ tó ṣe é ti sọnù.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n, ní Ìdóàní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fáìlì orúkọ yín lọ́wọ́ ẹni tó yà á lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó fún un. Ẹ kọ nọ́mbà mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń mọ àwọ̀ yín sínú ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ nǹkan fún yín, ẹ kó méjèèjì fún un, ẹ má sì gbà kó yí ọ̀kankan nínú wọn.