Ẹnì Kan Péré Ló Sọ Bẹ́ẹ̀

Àwa mẹ́ta la jọ kọ ìkànnì kékeré kan fún àwọn ará Òkìtìpupa àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó yí i ká. Bí èèyàn bá ń wá mẹkáníìkì, télọ̀ tàbí ẹni tó máa ra epo pupa lọ́wọ́ ẹ̀, á ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa wọn. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé á tẹ "Ó wúlò" tàbí "Kò wúlò". Èyí tó bá gba "Ó wúlò" jù, ní ìdá ọgọ́rùn-ún, ló máa ń wà lókè. A rò pé ìyẹn ti tó.

Àfi ọjọ́ tí ìyá elépo kan pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé epo wọn lómi nínú. Ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ "Ó wúlò" sí i. Nínú ìṣirò tiwa, ọ̀kan nínú ọ̀kan, 100 nìyẹn! Ọ̀rọ̀ oníbàárà wọn àtijọ́, tí èèyàn 45 nínú 50 ní ó wúlò, gba 90, ló bá bọ́ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń pè wọ́n láti Èkó fún kẹ́ẹ̀gì epo ò pè mọ́.

Màmá ní ká pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. A ní kò ṣeé ṣe. Tá a bá pa ìyẹn rẹ́, ta ló máa gba èyí tó kù gbọ́? Inú bí wọn. "Ẹnì kan péré ló sọ bẹ́ẹ̀ o!" Wọ́n sì jàre. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìṣirò tiwa ti di àgbà òṣìkà.

Ojútùú ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Edwin B. Wilson, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde ní 1927; ní 2009, Reddit bẹ̀rẹ̀ sí í fi í to ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Ìlànà yìí kì í wo iye tí ọ̀rọ̀ kan gbà nìkan. Ó ń wá iye tó kéré jù tá a lè fọkàn tẹ̀, bí ẹ̀rí ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan nínú ọ̀kan já sí bíi 21. 45 nínú 50 dúró sí bíi 79. A ti pàdé ẹ̀ nílé ìwé gíga, àmọ́ torí ìdánwò la ṣe kà á.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú: ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì dìbò sí á kàn máa sùn sísàlẹ̀. A wá ya àyè kan sọ́tọ̀ lókè, a kọ "Tuntun" sí i, kí òun náà lè rí ẹni kà á.

Lẹ́yìn náà, a yà sí ìsọ̀ màmá. Wọ́n mú fóònù, wọ́n fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀ títí.

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n bu epo kún kẹ́ẹ̀gì wa. "Ẹ gbé e kaná, kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó bóyá omi wà níbẹ̀."