Èèkàn àti Okùn ní Ẹ́sítéètì Ìbà

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe. Àdúgbò Ẹ́sítéètì Ìbà ló kọ́ mi pé ẹni tó wo bébà tó ní, "Ó dáa, ẹnjiníà, ẹ máa bá a lọ," kò tíì gbà. Ó kàn bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Ìgbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, 1979 sí 1983, ni wọ́n kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó, Ìbà sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù tibẹ̀ rí ibi forí pamọ́ sí, mi ò ní bu iṣẹ́ ńlá yẹn kù láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láàárín ẹ́sítéètì náà lónìí á rí i pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti fi búlọ́ọ̀kù tún àwòrán náà yà: fèrèsé ti di ẹnu ṣọ́ọ̀bù, yàrá ti yọ sẹ́yìn ilé, torí ọmọ ti dàgbà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sì ń wá ilé.

Bí mo bá ń ṣe irú àfikún bẹ́ẹ̀ báyìí, èèkàn àti okùn ni mo kọ́kọ́ ń gbé lọ. A ó ta okùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, kí olúkúlùkù wọ inú "yàrá" náà. Ìyá kan dúró níbi tí mo pè ní kíṣìnì, ó yí ká, ó ní: "Ọmọ mi, tá a bá ń ṣe ìnáwó, ibo ni ìkòkò ńlá máa jókòó?" Lójú ẹsẹ̀ la sún ògiri, ká lè rí àyè ìdáná onígi lẹ́yìn ilé.

Láti gbọ́ tẹnu èèyàn, ìpàdé àwọn lańdílọ́ọ̀dù nìkan kò tó. Alẹ́ ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń dé láti Ìyànà-Ìbà, ayálégbé tí ẹnikẹ́ni kì í pè ló sì mọ ibi tí àgbàrá ń gbà wọlé.

Kí a gbọ́ tẹnu èèyàn kò ní ká máa gba gbogbo rẹ̀ o. Francis Kéré, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker fún iṣẹ́ náà, ní 2022, fẹ́ fi amọ̀ kọ́ ilé ìwé ní Gando, abúlé rẹ̀ ní Burkina Faso. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà, torí wọ́n mọ ohun tí òjò ń fi amọ̀ ṣe. Kò bá wọn jiyàn lásán. Ó jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé yóò dúró, wọ́n sì bá a kọ́ ọ parí ní 2001.

Èmi náà kì í fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gun orí gọ́tà. Mo máa ń ní kí ayálégbé fi ọ̀nà omi han onílé níbi tí okùn wà. Nígbà míì, onílé fúnra rẹ̀ ló ń fa èèkàn náà tu, tó ń kàn án sẹ́yìn.