Ajá Àlejò, Ológbò Onílé



Lásìkò Kérésì 2023, àbúrò mi kó ìdílé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa l'Óṣogbo, wọ́n sì mú ajá wọn dání. Ológbò méjì ni màmá mi ń sìn nítorí eku. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ní kí wọ́n tú ajá sílẹ̀ ní pálọ̀, pé wọ́n á mọra wọn. Kíá, ológbò kan ti gun kọ́tìnnì, ajá sì lé èkejì sẹ́yìn àga. Màmá, ẹni ọdún 76, bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ló bá gé wọn jẹ lọ́wọ́.

Àbúrò mi ń wá epo pupa. Mo ní rárá o! Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ká tó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti dìgbòlugi lọ́sibítù, torí ológbò náà lè kó o ranni, èmi ò sì mú tiwa lọ gba abẹ́rẹ́ rí. Ojú tì mí. Ihò eyín ológbò kéré lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń jìn.

Lọ́jọ́ kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tó yẹ. A ti àwọn ológbò mọ́ yàrá, a fún wọn ní aṣọ tí ajá sùn lé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, a sì ń bọ́ kálukú lápá tirẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹrin la ṣí i díẹ̀, okùn wà lọ́rùn ajá. Bí wọ́n bá ń jà, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ju aṣọ tó nípọn bo ológbò.

Ọwọ́ màmá wú fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó san. Wọn ò tíì dárí jì mí tán.