Kí ẹ tó wá oògùn alé, ẹ lọ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín

Ọ̀rọ̀ yàrá ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tí ọmọ kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó kà á nígbà tó bá ku òun nìkan.

Ọdún tó kọjá ni nǹkan ọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún mi. Mi ò ṣàìsàn. Mò ń lọ sí kíláàsì, mò ń gun alùpùpù láti Ifangni dé Igolo láìsí wàhálà. Àmọ́ tó bá di alẹ́, ara kò ní dáhùn. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó rẹ̀ mí ni. Ó di oṣù kan, ó di méjì. Ìyá àwọn ọmọ mi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù mi. Ó rò pé mo ní obìnrin mìíràn níta. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí kí ni ọkùnrin fẹ́ mú wá ṣe ẹ̀rí lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ràn kì í wọ́n nílùú wa. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n mu àgbo, kí n má jẹ nǹkan dídùn mọ́. Òmíràn ní wọ́n ti dè mí. Ẹnì kẹta gbé sódàbì tí wọ́n rẹ egbò igi sí wá, ó ní ìgò kan péré ti tó. Mi ò bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n. Ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ.

Obìnrin ni dókítà tí mo bá níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọ́ ọ ní ilé ìwé. Faransé ni mo fi ṣàlàyé fún un. Àìsàn yìí ní orúkọ gígùn kan ní Faransé tó dà bí ọ̀rọ̀ inú ìdánwò, èèyàn lè pè é láìwo ilẹ̀. Ní Yorùbá, gbogbo orúkọ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é, èébú ni. Òun gan-an ló yí i sí Yorùbá: “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá jí ní kùtùkùtù, ṣé ó máa ń dìde fúnra rẹ̀?” Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní tó bá ń dìde láàárọ̀ tí kò sì dìde lọ́dọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọkàn ló sábà máa ń jẹ́: àníyàn, gbèsè, ìjà inú ilé. Tí kò bá wá dìde nígbà kankan mọ́, ká wo iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ó wọn ìfúnpá mi: 15 lórí 9. Ó ní kí n padà wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹun. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 1,84. Gíráàmù 1,26 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni ààlà fún ẹni tí kò tíì jẹun. Wọ́n tún un wò lọ́jọ́ mìíràn, kò yàtọ̀. Àtọ̀gbẹ ni.

Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan ọkùnrin kò ní eegun. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kún inú rẹ̀ tó fi ń le, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kún táyà. Ṣúgà tó pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, gbogbo wọn ló ń ba inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jẹ́. Iṣan tó lọ síbẹ̀ tín-ín-rín, bíi mìlímítà kan sí méjì, nígbà tí ti ọkàn tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó kéré ló sábà máa ń kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyẹn tí àìdìde fi lè ṣáájú àrùn ọkàn ní ọdún méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá ronú sí ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí yẹn. Àwọn bàbá wa ti rí i tipẹ́ pé nǹkan dídùn àti àìlera ọkùnrin ń rìn pọ̀. Ojú wọn ríran. Ibi tí wọ́n ń wá a sí ni mi ò fara mọ́: inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kì í ṣe ìdí, àgbo kò sì lè sọ iye tó jẹ́ fún yín.

Kì í ṣe àwa nìkan náà ni. Ìwádìí kan jáde ní 1994 láti Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ọkùnrin ọmọ 40 ọdún sí 70. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó ní in, ti àwọn kan kéré, ti àwọn kan pọ̀.

Oògùn ńkọ́? Ó wà. Àyà dídùn tó ń wá láti ọkàn ni Pfizer ń wá oògùn fún nígbà tí wọ́n ṣe sildenafil, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò ló sọ ohun mìíràn tí wọ́n rí, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Ẹrẹ́nà 1998. Ó ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ ni, kì í dá ìfẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní nitrate kò gbọdọ̀ fi í sẹ́nu: ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. Tó bá sì le tí kò rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Nítorí náà ni ẹ̀rù èyí tí wọ́n ń tà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kpayo, ṣe ń bà mí. Ta ló bi ẹni tó ń rà á bóyá ó ní àrùn ọkàn? Ní oṣù Èrèlé 2017, ọlọ́pàá ya wọ Adjégounlè ní Kútọnu nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Àgúnmu pàápàá kò mọ́ tó bí a ṣe rò: lọ́pọ̀ ìgbà ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti kéde pé àwọn rí sildenafil nínú èyí tí wọ́n ní ewé lásán ni.

Mo mú ìyàwó mi dání nígbà tí mo tún ń lọ. Dókítà fi bébà náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń díwọ̀n àkàsà mi. Mò ń lo metformin, mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé. Ó gba bí oṣù márùn-ún. Mi ò padà di ọmọ 25, àmọ́ a ti ń rẹ́rìn-ín lálẹ́.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó fura pé òun ló fà á, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan lè fà á, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà pé ìfúnpá àti ṣúgà lẹ fẹ́ wò. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, Yorùbá tàbí Faransé.