Àwọn Àgbà Ìdíkàn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn, àgbàlagbà kì í jókòó gẹlẹtẹ látàárọ̀ dalẹ́. Bàbá bàbá mi á ti jí kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á mú àdá, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko etílé, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ igi ọ̀dán: ojúlé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá á na ọwọ́ sórí ojúlé kan, wọn ò ní tíì kó o. Ojú ni wọ́n á fi ka ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, àwọn òǹwòran á sì ti máa pariwo. Bí àgbà kan ò bá yọjú sí abẹ́ igi, ilẹ̀ ò ní ṣú kí ẹnìkan tó lọ wò ó nílé.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára wọn, àti àwọn ti Indiana l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn arúgbó Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 arúgbó, nǹkan bí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún ní Ìdíkàn. Ti Indianapolis tó 32. Èmi ò ní sọ pé ayò nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n mo mọ bí àwọn èèyàn yẹn ṣe gbé ayé.

Kì í ṣe pé gbogbo ayé àtijọ́ ló dára o. Ẹ̀jẹ̀ ríru pa púpọ̀ nínú wọn. Apá kan á rọ, ẹnu á wọ́, ilé á ní ọ̀tá ló ta wọ́n lọ́fà.

Lónìí, àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, géètì wà ní títì, tẹlifíṣọ̀n la ń bá sọ̀rọ̀. Mágí ti gba ipò irú, iyọ̀ tún lé e. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ má ju ṣíbí tíì kan lọ, kí àgbà sì máa rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jáde. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kí aládùúgbò yín. Láti 2012 ni ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ti ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre fún àwa arúgbó. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá ẹni tí yóò máa bá wa ta ayò.